Eéje Tó Kú Lára Géètì Ẹ̀yìn

“Tẹ eéje.”

Kọ́púrà Mubashir tẹ eéje. Pátákó bọ́tìnì tó wà lára géètì ẹ̀yìn Ẹ́sítéètì Ìrọ̀rùn ní Mowe kò dáhùn. Kò dún, iná kékeré orí rẹ̀ kò sì ṣẹ́jú.

“Tẹ ẹẹ́jọ.”

Ó tẹ ẹẹ́jọ. Ó dún.

“Padà sí eéje. Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó jẹun láàárọ̀.”

Mubashir fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi funfun. Eéje dákẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́títí Ògúnkànmí bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu bírò ha erùpẹ̀ tó ti gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì náà, ó tún dìde, ó gbọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

“Kọ́púrà, sọ kóòdù Bàbá Mùtíù fún mi.”

“Ẹẹ́rin, eéje, oókan, ẹẹ́sàn-án, mà.” Bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́.

Kí ẹ tó bú Mubashir, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn ará ẹ́sítéètì ti gba Èkó lọ síbi iṣẹ́, olè gba géètì ẹ̀yìn wọlé, ó sì kó bátìrì ínfátà nílé mẹ́ta. Géètì ẹ̀yìn kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Áàpù ẹ́sítéètì ló ń ṣí i tó sì ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí i sílẹ̀. Ohun tí áàpù náà kọ kò rú ẹnikẹ́ni lójú: aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, kóòdù Mùtíù, ẹ̀ṣọ́. Kí ni ọlọ́pàá tún ń wá? Mubashir gbéra, ó di Ifo. Ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí bàbá ẹni bàbá lọ́wọ́ níwájú ilé rẹ̀, lójú àwọn aládùúgbò tó ń fọ àga tí wọ́n fẹ́ lò fún nikáà, ìgbéyàwó Hameedah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. “Mi è jalè rí,” ni gbogbo ohun tí bàbá náà sọ. Mubashir sì rò pé ohun tí gbogbo olè máa ń sọ náà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́títí ti ìsinmi dé. Ó ka fáìlì ọ̀rọ̀ náà ní ìdúró, báàgì kò tíì kúrò léjìká rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ yìí tètè parí jù,” ó ní. “Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?” Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ ọ̀la tí í ṣe Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé Mùtíù lọ sílé ẹjọ́. Bó bá ti débẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti máa dúró de ìgbẹ́jọ́. Àwọn àna rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ láti àná pé àwọn kò lè gba ìyàwó lọ́wọ́ walí, bàbá tó ń fi ọmọ fọ́kọ, tó wà látìmọ́lé, kí ẹjọ́ kọ́kọ́ parí ná. Ẹjọ́ tó lè gba ọdún mẹ́ta! Hameedah wà lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí káńtà àgọ́ ọlọ́pàá láti àárọ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ bàbá rẹ̀ sórí itan, kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sunkún. Ìyẹn ló ń da Mubashir láàmú jù.

Ní báyìí, níwájú bọ́tìnì tó kú, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Bàbá ò lè tẹ kóòdù yẹn níbí, mà.”

“Kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́ níbí. Fóònù ni àwọn onílé fi ń ṣí géètì yìí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ nìkan ló ń lo bọ́tìnì. Irú fóònù wo lo bá lọ́wọ́ bàbá?”

“Fóònù tọ́ọ̀ṣì, mà. Rọ́bà ni wọ́n fi so ẹ̀yìn ẹ̀.”

“Ìyẹn ò lè gbé áàpù. Kóòdù bàbá ṣílẹ̀kùn, bàbá ò sì sí níbẹ̀.” Ó ti ń lọ sídìí ọkọ̀. “Jẹ́ ká lọ bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa.”

*

Nígbà tí wọ́n mú Mùtíù jáde kúrò nínú àtìmọ́lé, Ìnsípẹ́kítọ̀ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá Hameedah.” Àwọn ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà wo ara wọn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni bàbá náà, ará ilé àtijọ́ kan ní Ifo, ó sì ti ń ṣọ́ Ìrọ̀rùn láti ìgbà tí ibẹ̀ ti wà ní igbó.

“Bàbá, ìgbà wo ni eéje kú?”

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹ ti rí i.”

“A ti rí i.”

“Ìgbà ọyẹ́ ni. Ó ti lé lóṣù márùn-ún.”

“Kí lẹ wá fi ń ṣí géètì fún ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí?”

“Kọ́kọ́rọ́ irin. Òfin ẹ́sítéètì sì ní ẹ̀ṣọ́ tó bá fi kọ́kọ́rọ́ irin ṣí i, kó máa lọ sílé ẹ̀. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe é. Àwọn méjì tó kù, ọmọ wọn è tí ì jáde níléèwé.”

“Ẹ ò sọ fún alága pé bọ́tìnì kú?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.”

“Ẹ fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì?” Mubashir ló bèèrè, kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá náà wò ó, kò bínú. “Mo rò pé ẹ óò tètè mọ̀ pé èmi kọ́. Ṣebí ọlọ́pàá ni yín.”

Bí wọ́n bá gbá Mubashir létí, kò lè dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi bi bàbá yìí pé kí ló dé tó ṣe é. Ìnsípẹ́kítọ̀ bi bọ́tìnì ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bọ́tìnì sì dáhùn.

*

Akute ni wọ́n ti bá Olúwajùwọ́n, ọkùnrin tó kọ áàpù náà fún ẹ́sítéètì lọ́dún méje sẹ́yìn. Òun ni DPO, ọ̀gá àgọ́ wọn, ń fura sí báyìí tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, torí ó ní ẹni tó ṣe kọ́kọ́rọ́ kì í ṣàìfi ọ̀kan pa mọ́. Mubashir gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n fi máa gun àtẹ̀gùn dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ti tú bọ́tìnì àpò ṣẹkẹṣẹkẹ.

“Ìwọ lo kọ áàpù géètì Ìrọ̀rùn?”

“Èmi ni, mà. Àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan.”

“Ta ló bá ọ kọ ọ́?”

“Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mi ò rí rí láyé mi.” Ó rí ojú Mubashir, ó yára fi kún un. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀gá, ẹni tó ń kọ́lé kì í fúnra ẹ̀ rọ ìṣó. Àwọn kan wà káàkiri ayé tó ń kọ irú ìṣó bẹ́ẹ̀ fún áàpù, wọ́n á gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè yẹ inú ẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe. Àwa la wá ń ṣà á, tí a fi ń kọ́lé.”

“Lọ́fẹ̀ẹ́?” ni Mubashir wí. “Kí ni wọ́n wá ń jẹ?”

“Wọ́n níṣẹ́ tiwọn, ọ̀gá. Bí ọ̀wẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti bá ẹ bo orí ilé tán, wọ́n á lọ.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ ti fa àga sún mọ́ ọn. “Èwo nínú àwọn ìṣó yẹn ló ti dípẹtà?”

Olúwajùwọ́n ya ẹnu. Ó hàn pé kò sí oníbàárà tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. “Èyí tó ń gba fọ́tò àlejò, mà. Bí àlejò bá fẹ́ wọlé, ó máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí áàpù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, obìnrin kan lókè òkun rí i pé téèyàn bá fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́ tó múra bíi fọ́tò, áàpù á gba onítọ̀hún bí ọ̀gá ilé. Ó máa rí kóòdù gbogbo èèyàn. Ó lè ní kí géètì ṣí, kó sì kọ ọ́ sórúkọ ẹlòmíì. Ó sọ fún àwọn tó ni ín, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé èyí tuntun tí kò níhò jáde, wọ́n sì kéde ẹ̀ fún gbogbo ayé.”

“Wọ́n kéde ihò?”

“Dandan ni, mà. Tí wọn ò bá kéde, àwa tí à ń lò ó ò ní mọ̀. Àmọ́ olè náà létí. Ẹni tí kò bá tètè dí tiẹ̀ ló wà nínú ewu.”

“Kí ló dé tí o ò fi dí tiẹ̀?”

Ó ṣí láàpútọ́ọ̀pù, ó yí i sí wọn. Lẹ́tà mẹ́ta ló ti kọ sí Díákónì Olúfúnṣọ́, alága ẹ́sítéètì, láàárín ọdún méjì, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gba òun láyè láti ṣe update, kí òun fi ìṣó tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Èsì kan náà ló ń gbà: “Ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọlọ́run á bùkún yín.”

Ìdí sì wà. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe update, NEPA mú iná lọ lágbedeméjì. Kọ̀ǹpútà tó ń darí géètì kú, géètì méjèèjì kọ̀ jálẹ̀, ìyá ìyàwó Díákónì tó ti Abẹ́òkúta wá sì jókòó wákàtí méjì nínú oòrùn lẹ́yìn géètì, ó ń gbọ́ tí ewúrẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ké nínú ọgbà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbàdúrà sórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn níwájú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ update. Ẹ má bínú sí Díákónì ná. Ta ni nínú wa, nílẹ̀ tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú, tí kì í bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ohun tó bá ń ṣiṣẹ́?

Ìnsípẹ́kítọ̀ ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mejì. “O ò kọ síbẹ̀ pé ibi fọ́tò ni ihò wà.”

“Rárá o, mà. Mi ò sọ fún wọn lẹ́nu náà. Ṣé èèyàn á kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀kùn báyìí ò ní kọ́kọ́rọ́?”

Lórí àtẹ̀gùn, Mubashir kò lè mú un mọ́ra. “Ọ̀gá, ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká mú un.”

“Olè wo lo rí tó kọ lẹ́tà sí onílé lẹ́ẹ̀mẹta pé kó tún fèrèsé ẹ̀ ṣe?” Ó dúró lórí àtẹ̀gùn. “Bó bá jẹ́ òun ni, ṣé ó máa fi àkọsílẹ̀ aago mẹ́wàá yẹn sílẹ̀ fún wa? Òun ló kọ áàpù náà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Bi mí ní ìbéèrè tó dáa.”

Mubashir ronú. “Kóòdù ilé méjìlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ti bàbá ló mú?”

“Ìyẹn dáa!” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Inú Mubashir dùn bíi ti ọmọ iléèwé. “Tó bá lo ti onílé, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọ fóònù onílé lójú ẹsẹ̀. Ti ẹ̀ṣọ́ kì í dún sẹ́nikẹ́ni. Nítorí náà, ó mọ bí áàpù wọn ṣe ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì: ó kọjá nílé tí tẹlifíṣọ̀n kún ògiri, kò yà. Ilé mẹ́ta péré ló wọ̀, bátìrì tuntun ló sì bá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló mọ ilé tí bátìrì tuntun wà?”

“Ẹni tó tà á.”

“Tàbí ẹni tó so ó. Ó ku ẹni tó máa so ihò pọ̀ mọ́ bátìrì fún wa. Ẹ̀rí ò sí lọ́wọ́ mi. Àmọ́ Díákónì kọ èsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì bèèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ló bà jẹ́. Mo fẹ́ rí ojú ẹni tí kì í bèèrè.”

*

Díákónì Olúfúnṣọ́ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì. Ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé ohun mímu síwájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn lórí Mùtíù. Ó ní ayé ti bàjẹ́, èèyàn kò mọ ẹni tí à á fọkàn tán mọ́.

“Díákónì, ẹ sinmi ọ̀rọ̀ Bàbá Mùtíù ná,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. “A ti rí i pé ihò wà nínú áàpù yín.”

“Ihò ibi fọ́tò yẹn? Ṣebí ẹni tó bá kàwé gan-an ló lè…”

Fáànù ń yí lókè. Mubashir tó ń gbé ife lọ sẹ́nu gbé e padà sórí tábìlì, kò jẹ́ kó dún.

“Mi ò sọ ibi tó wà, sà,” Ìnsípẹ́kítọ̀ rọra wí. “Olúwajùwọ́n náà ò sọ fún yín. Ta ló sọ?”

Ó kọ́kọ́ sọ pé òun kàn rò ó ni. Lẹ́yìn náà, ó ní ó dà bíi pé òun kà á níbì kan. Ìnsípẹ́kítọ̀ ń wò ó, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, títí irọ́ fi tán lápò rẹ̀.

“Máyọ̀kún,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Ọmọ tó ń so sólà fún wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ibafo. Oṣù kẹta rèé. Orí àga tí ẹ jókòó sí yẹn ló wà tó fi láàpútọ́ọ̀pù ṣí géètì lójú mi. Ó ní ibi fọ́tò lòun gbà, pé kí n lé Olúwajùwọ́n, kí n gbé iṣẹ́ áàpù tuntun fún òun. Mo lé e jáde.”

“Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ìdìbò alága ku oṣù kan. Wọ́n á ní èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.”

“Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́, nígbà tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí Bàbá Mùtíù lọ́wọ́? Ẹ mọ̀ pé ẹlòmíì lè ṣí géètì yẹn.”

Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú. “Mo gbàdúrà fún un.”

“Ẹ gbàdúrà fún un,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Kò gbóhùn sókè rárá, ṣùgbọ́n Mubashir kò jẹ́ fẹ́ kó bá òun sọ̀rọ̀ báyẹn láé.

*

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù Máyọ̀kún. Wọ́n ti gba ìwé tí àwọn onílé mẹ́ta náà fi ra bátìrì lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà bátìrì kọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀. Máyọ̀kún fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ rẹ̀ kọ wọ́n. Kò kó àwọn bátìrì náà jìnnà. Ta ló máa bi ẹni tó ń ta bátìrì pé níbo ló ti rí bátìrì? Ìnsípẹ́kítọ̀ fi aṣọ nu ẹ̀yìn èyí tó wà nísàlẹ̀, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, Mubashir sì ń fi ìka tọ ìwé. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe déédéé.

“Mo kìlọ̀ fún wọn,” ni Máyọ̀kún wí. Ìgbéraga ṣì wà lóhùn rẹ̀. “Mo fi hàn wọ́n! Wọ́n lé mi bí ajá.”

“Obìnrin tó kọ́kọ́ rí ihò yẹn kígbe kí gbogbo ayé lè tì í pa,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. “Ìwọ rí i, o sì fi orúkọ bàbá arúgbó wọlé. Bó o bá mọ̀ ọ́n tó bó ṣe ń ṣe ọ́, wàá mọ̀ pé eéje kú.”

Ojú Máyọ̀kún fi hàn pé kò mọ nǹkan tó ń sọ. Láàpútọ́ọ̀pù ló fi ṣí géètì, kò fọwọ́ ara rẹ̀ kan bọ́tìnì yẹn rí. Mubashir fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ó dá òun lójú. Ó dá a lójú.

*

“Ojúmọmọ lo mú un,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. “Ojúmọmọ ni wàá dá a padà.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé Bàbá Mùtíù délé ní Ifo, Hameedah lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Díákónì Olúfúnṣọ́ nínú mọ́tò tirẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn aládùúgbò jáde. Mubashir yọ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. “Ẹ forí jì mí, bàbá. Mo mú yín láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ò jalè.” Ó sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà ní òpin àdúgbò lè gbọ́.

“Dìde, ọmọ mi,” ni bàbá náà wí. “Aṣọ ìjọba lo fi ń nulẹ̀ yẹn.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ọkàn Mubashir sì fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Díákónì kò rí ẹ̀rín gbà. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kó tẹ̀ lé òun lọ sílé àwọn àna Bàbá Mùtíù, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó mọ̀ àti ìgbà tó mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Olúwajùwọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó sì pààrọ̀ ìṣó tó ti dípẹtà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà á. Mubashir tó dúró tì í wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò fẹ́ gbà á gbọ́: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dù ú fún ọdún méjì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mọ́sálásí kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìnsípẹ́kítọ̀ wà láàárín àwọn obìnrin, Mubashir sì jókòó sẹ́yìn níbi tó ti lè rí gbogbo èèyàn. Lèmọ́ọ̀mù gbójú sókè.

“Ta ni walí ọmọ yìí?”

“Èmi ni,” ni Mùtíù wí.

Bàbá ọkọ ìyàwó, ẹni tó ránṣẹ́ lọ́jọ́rú pé kí ẹjọ́ kọ́kọ́ parí, ló sún síwájú, tó sì na ọwọ́ méjèèjì sí i.